Oyin mi kó kúrò lóṣù Ọ́gọ́ọ̀sì, òdòdó wo ni kí n gbìn kí wọ́n má bàa lọ mọ́?

Ìbéèrè: Ẹ jọ̀ọ́, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni mí, ẹ̀yìn ìlú Ògbómọ̀ṣọ́ ni ilé mi wà. Mo ní àpótí oyin méjì lẹ́yìn ilé, irú èyí tó ní igi pẹlẹbẹ tẹ́ lórí. Oyin wọ ọ̀kan lóṣù Dìsẹ́ńbà, èkejì ṣófo títí di bí mo ṣe ń kọ èyí. Lóṣù Épírì a kórè, gbogbo afárá la kó torí ẹni tó bá wa ṣe é ní wọ́n á tún òmíràn ṣe. Nígbà tó fi máa di Ọ́gọ́ọ̀sì, àpótí ti dákẹ́, kò ku ẹyọ oyin kan. Mo ti gbin bougainvillea àti ixora yí ilé ká nítorí fídíò kan tí mo wò, mo sì ń ní kí ọmọ tó ń bá mi tún àyíká ṣe máa fi kẹ́míkà pa koríko kí ibẹ̀ lè mọ́. Òdòdó wo gan-an ni kí n gbìn? Mo tún ní oko kajú kan tó tó kìlómítà méjì sílé. Ṣé mo sì lè fún ọmọ ọmọ mi tó jẹ́ oṣù mẹ́jọ lára oyin tí a kórè, torí ikọ́?

Ìdáhùn: Màmá, ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ sì kú àdánù oyin tó lọ. Ẹ jẹ́ n sọ ọ́ ní ṣókí ná kí n tó wá tú u palẹ̀. Ó jọ pé ebi ló lé wọn. Òdòdó tí ẹ gbìn yẹn ò lè bọ́ wọn, òótọ́ ni, àmọ́ ká tiẹ̀ ní òdòdó tó dáa jù láyé lẹ gbìn, tí ẹ bá tún kó gbogbo afárá inú àpótí lóṣù Épírì bí ẹ ṣe kó o yẹn, wọ́n á tún lọ ni. Ohun tí ẹ bá fi sílẹ̀ nínú ilé wọn lọ́jọ́ ìkórè ló máa kọ́kọ́ dá wọn dúró, òdòdó ló tẹ̀lé e, òdòdó ọ̀hún náà kì í kàn ṣe òdòdó ṣá, òdòdó tó ń yọ lásìkò tí ebi ń pa wọ́n ni, ìyẹn Júùnù sí Sẹ̀tẹ́ńbà.

Mo mọ̀ pé ẹ máa bi mí pé ebi wo ló ń pa oyin nígbà òjò tí gbogbo ilẹ̀ tutù yọ̀yọ̀. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣì í. Ewé tútù kì í ṣe oúnjẹ oyin. Omi dídùn inú òdòdó àti ìyẹ̀fun òdòdó ni wọ́n ń jẹ, ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn sì ni ọ̀pọ̀ igi wa máa ń yọ òdòdó. Ẹ wo agbègbè yín: láti Nòfẹ́ńbà sí Dìsẹ́ńbà ni kajú ti ń bẹ̀rẹ̀, ewé Akíntọ́lá á funfun báláú lójú ọ̀nà ní Dìsẹ́ńbà sí Jánúárì, ewúro tí ẹ ò bá já á náà á yọ òdòdó, igi emi, igi irúgbá, àgúnmániyè tí wọ́n fi ń ṣe ọgbà yí oko ká, máńgòrò (èyí tí gbogbo ayé ń pariwo, àmọ́ eṣinṣin ló ń jẹ ibẹ̀ ju oyin lọ), nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ bá wá rọ̀ ọsàn á gbà á. Oyin á jẹ, á yó, á tọ́jú. Ìdí nìyẹn tí oyin fi wọ àpótí yín ní Dìsẹ́ńbà, tí ẹ sì rí nǹkan kó ní Épírì. Nígbà tó bá wá di Júùnù, òdòdó orí igi ti tán, òjò ń rọ̀ láàárọ̀ lálẹ́ tí wọn ò fi lè fò jáde, ìwọ̀nba òdòdó tó sì wà, òjò ti fọ omi dídùn inú rẹ̀ dànù. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún lọ́nà ogún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ ni oyin tó ń gbé nínú àpótí kan tó dáa, ẹnu wọn ò sì ní dín kù torí pé òjò ń rọ̀.

Ohun míì tó yẹ kí ẹ mọ̀ ni pé oyin tiwa yàtọ̀ sí èyí tí ẹ ń wò nínú fídíò. Oyin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tàbí ti Jámánì, òtútù ń bọ̀ wá bá a lọ́dọọdún, tó bá jáde nílé lásìkò yẹn ó kú nìyẹn, torí náà ìwà tirẹ̀ ni pé kó kó oyin jọ pelemọ kó sì jókòó tì í. Tiwa, Apis mellifera adansonii ni àwọn onímọ̀ ń pè é, kò sí òtútù tó máa pa á, bí ebi bá dé níbí ó lè jẹ́ pé òdòdó wà ní ìwọ̀n kìlómítà díẹ̀ sí ibẹ̀, kí ló máa jókòó ṣe? Á gbéra. Kì í ṣe ìyà ló ń fi jẹ yín, bí wọ́n ṣe ń gbé ayé wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ mú un jókòó lẹ máa fún un ní ìdí tó fi máa jókòó.

Kí ẹ má kàn gba ọ̀rọ̀ mi gbọ́ ṣá, ẹ lọ ṣí àpótí yẹn kí ẹ wo ohun tí wọ́n fi sílẹ̀. Bí afárá bá gbẹ, tó mọ́ fónífóní, tí kò sí oyin, kò sí ìyẹ̀fun òdòdó, kò sí ọmọ nínú rẹ̀, ebi ni. Irú lílọ yìí kì í ṣe òjijì rárá, wọ́n gbèrò rẹ̀ ni: ayaba á dín ẹyin yíyé kù títí á fi dáwọ́ dúró, wọ́n á ní sùúrù kí àwọn ọmọ tó kù nínú afárá jáde tán, ìyẹn á gba nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta torí pé oyin òṣìṣẹ́ máa ń tó ọjọ́ 21 tàbí kó dín díẹ̀ kó tó ti inú ẹyin di oyin tó ń fò, wọ́n á la ìwọ̀nba oyin tó kù nílé tán, wọ́n á wá mú ọjọ́ kan tí òjò dá, gbogbo wọn á jáde lẹ́ẹ̀kan náà pẹ̀lú ayaba wọn. Ẹni tó bá ń yọjú wo àpótí rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ méjì lásìkò yẹn máa rí i pé ọmọ ti ń dín kù nínú afárá, ó ṣì lè fi oúnjẹ bẹ̀ wọ́n. Ẹ má sì da èyí pọ̀ mọ́ ìgbà tí oyin bá pọ̀ jù nínú ilé tí wọ́n pín sí méjì: nígbà yẹn ayaba àgbà á kó apá kan jáde, àwọn tó kù á dúró pẹ̀lú ayaba tuntun, ilé ò ní ṣófo.

Àmọ́ bí ẹ bá bá oyin àti ọmọ tó kú nínú afárá, tí wọ́n kàn fi gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ lọ, nǹkan lé wọn lójijì nìyẹn. Ó lè jẹ́ ìjàlọ, ìjàlọ ò fẹ́ ẹ̀bẹ̀. Ó lè jẹ́ iná tí ẹnì kan fi sun igbó nítòsí. Ó lè jẹ́ oòrùn tó ń pa páànù àpótí tààrà débi tí ìda bẹ̀rẹ̀ sí yọ́, ó sì lè jẹ́ èèyàn tó ń ṣí wọn wò ní gbogbo ìgbà. Bí afárá bá ń yọ̀ kẹ̀rẹ̀bẹ̀tẹ̀ tí oyin inú rẹ̀ ń hó tó sì ń rùn bí ọsàn tó ti kan, kòkòrò dúdú kékeré kan tí ẹ̀yìn rẹ̀ le ló wọlé, ìdin rẹ̀ ló ba oyin jẹ́, ilẹ̀ Áfíríkà yìí náà ni kòkòrò yẹn ti wá, oyin tó bá lágbára máa ń lé e fúnra rẹ̀. Tí ẹ bá sì rí òwú bíi ti aláǹtakùn lára afárá, àfòpiná ni. Àwọn èèyàn máa ń dá àfòpiná lẹ́bi pé òun ló lé oyin, èmi ò gbà bẹ́ẹ̀, lọ́pọ̀ ìgbà ẹ̀yìn tí oyin ti rẹ̀ tàbí tí wọ́n ti lọ ló ń wọlé, ilé òfìfo ló ń jẹ.

Ẹ jẹ́ ká wá padà sórí ìkórè oṣù Épírì yẹn. Ẹni tó sọ fún yín pé wọ́n á tún òmíràn ṣe ò parọ́ tán, wọ́n máa ń tún un ṣe lóòótọ́, àmọ́ kò sọ iye tó máa ná wọn. Kí oyin tó lè ṣe ìda kílò kan, oyin tí wọ́n máa jẹ sí i máa ń tó kílò mẹ́fà sí mẹ́jọ. Ní Épírì òdòdó ti ń lọ sópin, ẹ wá gba oúnjẹ lọ́wọ́ wọn, ẹ gba ilé, ẹ tún gba ọmọ torí gbogbo afárá lẹ sọ pé ẹ kó, ìyẹn ni pé afárá tí ẹyin àti ìdin wà náà bá a lọ. Ó yà mí lẹ́nu pé wọ́n forí tì í dé Ọ́gọ́ọ̀sì.

Nígbà míì tí ẹ bá fẹ́ kórè, ibi tí ẹnu ọ̀nà àpótí wà ni kí ẹ fi sọ́kàn, ìtòsí rẹ̀ ni àwọn ọmọ sábà máa ń wà, oyin á wà lápá ibi tó jìnnà sí i. Láti ẹ̀yìn tó jìnnà yẹn lẹ máa ti bẹ̀rẹ̀. Afárá tí wọ́n bá ti fi ìda funfun bo ojú rẹ̀ nìkan lẹ máa gé, torí èyí tí wọn ò tíì bò ṣì lómi nínú, tí omi inú oyin bá sì ti ju ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún lọ, á kan nínú ìgò tó bá pẹ́. Bí ẹ bá ti dé ibi tí ọmọ wà, ẹ dáwọ́ dúró, ẹ má jẹ́ kí ojúkòkòrò tì yín. Èmi máa ń sọ fún àwọn tí mò ń bá ṣiṣẹ́ pé kí wọ́n fi afárá mẹ́fà sí mẹ́jọ tó kún fún oyin sílẹ̀ yàtọ̀ sí ibi ọmọ, wọ́n á máa wò mí bíi pé mo fẹ́ kí wọ́n má rí owó. Tí àpótí ò bá tó bẹ́ẹ̀, ẹ má kórè lọ́dún yẹn rárá, ó tán.

Tó bá wá di Júláì tí ẹ gbé àpótí wò tó fúyẹ́, ẹ lè po kílò ṣúgà kan mọ́ lítà omi kan, ẹ dà á sínú abọ́ pẹlẹbẹ, ẹ kó igi wẹ́wẹ́ tàbí koríko gbígbẹ sí i kí wọ́n má bàa rì, inú àpótí ni kí ẹ gbé e sí nírọ̀lẹ́, ẹ má gbé e síta torí èèrà àti oyin ibòmíràn máa bá yín jẹ ẹ́, ìjà á sì ṣẹlẹ̀. Ṣúgà ti wọ́n, mo mọ̀, ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí ẹ fi oyin tiwọn sílẹ̀ fún wọn, òun ló dín owó kù. Ẹ má sì fún wọn ní ṣúgà nígbà tí ìkórè bá kù díẹ̀, torí ṣúgà yẹn lẹ máa kó tí ẹ máa pè ní oyin.

Ó wá ku òdòdó tí ẹ tìtorí rẹ̀ kọ̀wé. Bougainvillea ò burú fún ojú, oyin ò rí nǹkan gidi jẹ níbẹ̀. Ixora ní omi dídùn, àmọ́ ọrùn òdòdó rẹ̀ gùn ju ahọ́n oyin lọ fíìfíì, ahọ́n oyin ò ju nǹkan bíi mílímítà mẹ́fà lọ, labalábá ló wà fún. Ẹ má hú wọn o, ilé yín ni, ẹ jẹ́ kó máa dùn ún wò, ẹ kàn má retí oyin lára wọn.

Kí ẹ tó gbin ẹyọ kan, ẹ dá kẹ́míkà koríko yẹn dúró. Yúnyun olódòdó yẹ́lò yẹn, koríko kékeré olódòdó funfun tó ní yẹ́lò láàárín tó máa ń rá mọ́lẹ̀ lẹ́bàá ọ̀nà, àwọn tí ọmọ yẹn ń pa yẹn gan-an lara ohun tí oyin ń rí jẹ nínú òjò, wọ́n wà níbẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, ẹnikẹ́ni ò gbìn wọ́n. Ẹ fi àdá gé àárín ọgbà kó mọ́ fún yín láti rìn, kí ejò má bàa fara pamọ́, àmọ́ ẹ fi ẹ̀gbẹ́ ògiri sílẹ̀ ní ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà kí koríko olódòdó máa hù níbẹ̀. Àwọn aládùúgbò lè máa sọ pé ọgbà tíṣà ti di igbó, ẹ dá wọn lóhùn pé oko oyin ni.

Ní ti gbígbìn, oúnjẹ ẹnu yín náà ni kí ẹ fi bọ́ wọn. Ilá, ẹ̀gúsí, elégédé, kùkúńbà, gbogbo wọn ni oyin ń lọ sí, elégédé àti ẹ̀gúsí tiẹ̀ nílò oyin kí wọ́n tó lè so dáadáa, torí òdòdó akọ lọ́tọ̀, abo lọ́tọ̀, kòkòrò ló máa gbé ìyẹ̀fun láti ọ̀kan dé èkejì, òwúrọ̀ kùtù ni òdòdó elégédé sì máa ń ṣí, tó bá fi máa di ọ̀sán ó ti pa dé. Ìyẹ̀fun àgbàdo náà wúlò fún wọn láti fi tọ́ ọmọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò ní omi dídùn kankan. Yànmọ̀tí dáa gan-an ní ilẹ̀ ọ̀dàn bíi tiyín, sọ́nfúláwà náà bẹ́ẹ̀.

Ohun tó ṣe pàtàkì jù ni ìgbà tí ẹ máa gbìn ín. Ṣé ẹ mọ̀ pé lọ́pọ̀ ọdún òjò máa ń sinmi díẹ̀ láti ìparí Júláì wọ Ọ́gọ́ọ̀sì? Ọjọ́ díẹ̀ yẹn, oyin máa ń ráyè fò jáde, wọ́n á wá jáde tán wọn ò ní rí nǹkan kan jẹ. Ibẹ̀ ni kí ẹ máa lé. Ilá tí ẹ bá gbìn lónìí máa yọ òdòdó ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí méje, sọ́nfúláwà á gba oṣù méjì tàbí kó lé díẹ̀, torí náà ẹ gbin àkọ́kọ́ ní ìparí oṣù Méè, ẹ gbin òmíràn láàárín Júùnù, ẹ tún gbin díẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ Júláì, kí òdòdó má bàa yọ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà kó sì tán lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn àgbẹ̀ kan máa sọ pé ìgbà ti kọjá fún àgbàdo, ẹ jẹ́ kí wọ́n sọ ọ́, òdòdó lẹ ń wá.

Àwọn tó máa ń wà pẹ́ náà nìyí. Mòríńgà, ẹ já ẹ̀ka rẹ̀ rì mọ́lẹ̀ lásán á hù, kì í pẹ́ kó tó yọ òdòdó, ó sì máa ń yọ ọ́ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ lọ́dún. Ẹfinrin, ṣùgbọ́n ẹ pín in sí méjì, èyí tí ẹ ń já fún ọbẹ̀ lọ́tọ̀, èyí tí ẹ fi sílẹ̀ kó yọ òdòdó lọ́tọ̀, torí ẹfinrin tí wọ́n ń já lójoojúmọ́ kì í yọ òdòdó kankan, tẹ́ ẹ bá wá rí bí oyin ṣe ń bò ó láàárọ̀ tó bá ti yọ ọ́ tán, ẹ máa gbà pé òun ló yẹ kí ẹ kọ́kọ́ gbìn. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti àgbagbà kì í wo àsìkò, ìbẹ́pẹ náà. Àgbọn àti ọ̀pẹ máa ń yọ òdòdó káàkiri ọdún, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gé ọ̀pẹ tó wà lágbègbè yín. Ní ìparí òjò, òdòdó yẹ́lò ńlá tó jọ sọ́nfúláwà tó máa ń hù gìrìgìrì lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì máa gbà á lọ́wọ́ wọn ní Ọ̀tóbà, ìgbà yẹn ebi ti ń lọ. Ẹ má da ara yín láàmú láti gbin igi tó ń yọ òdòdó ní ẹ̀ẹ̀rùn, ọ̀kẹ́ àìmọye kajú ló wà yí yín ká.

Ẹ jẹ́ n bá yín sọ òótọ́ sá o. Gbogbo èyí tí mo kà sílẹ̀ yìí, bí ẹ bá gbìn ín kún ẹ̀yìn ilé yín, kò lè bọ́ odidi àpótí kan yó. Oyin máa ń rìn dé kìlómítà mẹ́ta síbi tí ilé rẹ̀ wà, ó tiẹ̀ máa ń kọjá bẹ́ẹ̀, tí ẹ bá fa kìlómítà mẹ́ta yí àpótí ká, ó lé ní kìlómítà 28 níbùú lóròó, ọgbà tiyín ò ju ojúàmì kan lọ nínú rẹ̀. Iṣẹ́ tí ọgbà yín lè ṣe ni kó gbé wọn kọjá ọ̀sẹ̀ mélòó kan tó le jù, èyí tí ẹ fi sílẹ̀ nínú àpótí á ṣe ìyókù. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó ń dáko yí yín ká fi ṣe pàtàkì ju òdòdó yín lọ. Ẹ bá àwọn tó ń fín oògùn apakòkòrò sí kajú sọ̀rọ̀. Ẹ ò ní kí wọ́n má fín in, wọn ò ní gbà, àmọ́ ẹ ní kí wọ́n má fín in nígbà tí òdòdó bá ṣí, tó bá sì di dandan, kó jẹ́ ìrọ̀lẹ́ tí oyin ti wọlé. Ẹ sọ ọ́ fún wọn pé oyin wà lára ohun tó ń jẹ́ kí kajú wọn so dáadáa, owó ni kí ẹ fi bá wọn sọ ọ́, wọ́n á gbọ́. Tí ẹ bá sì fún wọn ní ìgò oyin kan nígbà ìkórè, wọ́n á gbọ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọ̀rọ̀ kan tí ẹ ò bi mí, àmọ́ mi ò lè dákẹ́ sí i: ẹ má gbé oyin padà sẹ́yìn ilé. Ẹ gbé àpótí méjèèjì lọ sí oko kajú yẹn. Ẹ ti sọ pé ọmọ ọmọ wà nílé, kò sì síbi tí ewúrẹ́ ò sí ládùúgbò, oyin tiwa yìí bí inú bá bí i, ọ̀kan ò ní ta yín kó dáwọ́ dúró, oró àkọ́kọ́ máa ń rùn bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó pọ́n, òórùn yẹn ni wọ́n fi ń pe ara wọn jáde. Ewúrẹ́ tí wọ́n so mọ́lẹ̀ ò lè sá, ó kú nìyẹn. Lọ́dún 1956 Warwick Kerr, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ọmọ Brazil kan, kó irú oyin ilẹ̀ Áfíríkà kan lọ sí Brazil fún ìwádìí, mọ̀lẹ́bí tiwa ni, ọdún tó tẹ̀lé e díẹ̀ nínú wọn jáde, wọ́n tàn títí wọ́n fi dé Amẹ́ríkà lọ́dún 1990, ẹ̀rù wọn ba gbogbo ayé. Irú ẹbí oyin tó wà lẹ́yìn ilé yín nìyẹn, ẹ fi sọ́kàn nígbà tí ẹ bá ń wo òyìnbó tó ń fi ọwọ́ lásán gbé afárá nínú fídíò. Mítà 200 sí ilé àti ojú ọ̀nà ni mo máa ń ní kí wọ́n fi sáàárín, ó kéré tán. Ẹni tó bá ń ṣí àpótí, kó dúró di ìrọ̀lẹ́, kó wọ aṣọ aláwọ̀ fẹ́ẹ́rẹ́ tó bo gbogbo ara, kó má fín lọ́fínńdà, kó fín èéfín tó tutù sí wọn kó tó fọwọ́ kan nǹkan. Bí ó bá ta èèyàn, kó fi èékánná ha oró rẹ̀ kúrò kíá, torí oró tó há sára ṣì ń tú májèlé sílẹ̀. Bí ojú tàbí ahọ́n bá ń wú, tí èèmí ò já gaara, lójú ẹsẹ̀ kan náà ni, ọsibítù lẹ ń lọ, kì í ṣe àgbo.

Kìlómítà méjì sí ilé ò burú, wọ́n ṣì lè dé ibi ọgbà yín, àmọ́ oyin fẹ́ràn èyí tó súnmọ́ ọn, torí náà ẹ gbin ìdajì àwọn nǹkan tí mo dárúkọ yẹn sí etí oko kajú. Abẹ́ ibòji kajú ni kí àpótí wà, lórí ẹsẹ̀ tó ga tó mítà kan, kí iwájú rẹ̀ rẹlẹ̀ díẹ̀ kí omi òjò má bàa wọlé. Ẹ ki ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan bọ inú agolo tí ẹ da epo ẹ́ńjìnnì tí wọ́n ti lò sí nítorí ìjàlọ àti ikán, ẹ bo agolo náà kí òjò má bàa kún un. Ẹ gbé omi síbẹ̀ nínú àwo pẹlẹbẹ pẹ̀lú òkúta wẹ́wẹ́ tí wọ́n á máa dúró lé, pàápàá lẹ́ẹ̀rùn, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ kànga ẹni ẹlẹ́ni ni wọ́n máa lọ.

Àpótí kejì tó ṣófo yẹn, ẹ kọ́kọ́ wọn igi orí rẹ̀, mílímítà 32 ló yẹ kí ìkọ̀ọ̀kan fẹ̀ fún oyin tiwa, àwọn káfíńtà kan máa ń gé e bó ṣe wù wọ́n, tó bá fẹ̀ jù tàbí kéré jù wọ́n á kọ afárá kọjá láti igi kan sí èkejì, ẹ ò ní lè gbé e jáde láìfọ́. Ṣùgbọ́n ìyẹn kì í dí wọn lọ́wọ́ láti wọlé. Ohun tó sábà ń ṣẹlẹ̀ ni pé igi rẹ̀ ṣì ń rùn igi tuntun. Ẹ yọ́ ìda oyin, ẹ fi pa abẹ́ igi kọ̀ọ̀kan, ẹ wá fi ewé tíì, èyí tí àwọn àgbà ń pè ní kooko ọba, ra inú àpótí àti ẹnu ọ̀nà rẹ̀, òórùn rẹ̀ jọ èyí tí oyin máa ń tú sílẹ̀ láti pe ara wọn wálé. Ẹ ṣe é ní Ọ̀tóbà, kí ó ti wà nílẹ̀ kí oyin tó bẹ̀rẹ̀ sí pín ní ẹ̀ẹ̀rùn. Àpótí tí oyin kó kúrò nínú rẹ̀, ẹ ha á mọ́, ẹ yọ afárá tí àfòpiná ti jẹ, ẹ fi ọ̀kan tàbí méjì tó mọ́ sílẹ̀, ilé tí oyin ti gbé rí kì í pẹ́ ṣófo.

Ní ti ọmọ oṣù mẹ́jọ, rárá o, Màmá, ẹ má fún un. Oyin gidi tí kò lábùlà gan-an lè ní kòkòrò àìfojúrí kan nínú, ikùn àgbà máa ń borí rẹ̀, ikùn ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan ò lè borí rẹ̀, ó lè hù nínú ìfun rẹ̀ kó sì mú gbogbo iṣan ara ọmọ rọ títí tí èèmí á fi di ìṣòro, sísè é lórí iná ilé ò sì ń pa á. Ẹ gbé ikọ́ rẹ̀ lọ sí hẹ́ẹ̀tì sẹ́ńtà. Mo mọ̀ pé lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ a máa ń fi oyin kan ọmọ lẹ́nu, ọmọ ọjọ́ mẹ́jọ, èmi ti ń sọ fún àwọn èèyàn mi pé kí wọ́n gbàdúrà tán sórí oyin náà, kí wọ́n wá fi kan ìyá àti bàbá lẹ́nu, kí àwọn àlejò lá ìyókù.